Ipò Kejì: Ohun Tí Àwọn Ará Nọ́wè Kò Jà Lé Lórí

Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èdè Nọ́wè, inú rẹ̀ sábà máa ń dùn lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á kọ “Jeg leser boka” síwájú rẹ̀, wọ́n á ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni “Mo ń ka ìwé náà.” “Jeg” ni “mo,” “leser” ni “ń kà,” “boka” ni “ìwé náà.” Olùwà ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé e, àbọ̀ wá gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tò ó, bẹ́ẹ̀ náà ni Yorùbá. Akẹ́kọ̀ọ́ á ní, “Háà, ṣé gbogbo ẹ̀ náà nìyí?” Ó di ọjọ́ tó fẹ́ sọ pé lónìí, òun ń ka ìwé náà. Ó kọ “I dag jeg leser boka,” olùkọ́ fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Ohun tó yẹ kó kọ ni “I dag leser jeg boka.” Tí a bá ní ká tò ó ní Yorùbá bí àwọn ṣe tò ó, á di “Lónìí kà mo ìwé náà.” Létí wa, ó dà bí ìgbà tí èèyàn wọ bàtà lódì.

Ibi kékeré yẹn ni ìtàn tí a fẹ́ sọ wà. Ó ju 100 ọdún lọ tí àwọn ará Nọ́wè fi bá ara wọn fa ọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kí wọ́n máa kọ èdè wọn. Wọ́n jà lórí lẹ́tà, wọ́n jà lórí ìrù ọ̀rọ̀, wọ́n jà lórí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ tiwọn àti èyí tó jẹ́ ti àlejò. Ipò ọ̀rọ̀-ìṣe nínú gbólóhùn kò sí nínú ìjà náà rárá. Tí a bá mọ ohun tí wọ́n jà lé lórí, tí a sì mọ ohun tí wọn ò jà lé lórí, gírámà ọ̀hún á yé wa ju ká kàn há òfin sórí lọ.

Eegun gbólóhùn

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Ohun mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ yé ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀.

Èkíní, ọ̀rọ̀-ìṣe wọn kì í yí nítorí ẹni tó ń ṣe nǹkan. “Jeg leser, du leser, hun leser, vi leser”: mo ń kà, ò ń kà, ó ń kà, à ń kà. Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń lẹ “s” mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ti kan ẹnìkẹta. Àwọn ará Nọ́wè ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Ọmọ Yorùbá ò ní bá a jìjàkadì níbí, torí “kà” tiwa náà kì í yí, ì báà jẹ́ èmi ni, ì báà jẹ́ àwọn. A sọ pé wọn ò ṣe é “mọ́” torí pé wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Nínú èdè Nọ́ọ̀sì àtijọ́ tí èdè Nọ́wè ti ṣẹ̀ wá, “ek les” ni “mo ń kà,” ṣùgbọ́n “vér lesum” ni “à ń kà,” “þeir lesa” sì ni “wọ́n ń kà.” Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn ìrù wọ̀nyẹn já bọ́.

Èkejì, “náà” wọn máa ń gbẹ̀yìn. “Hus” ni ilé, “huset” ni ilé náà. “Gutt” ni ọmọkùnrin, “gutten” ni ọmọkùnrin náà. “Bok” ni ìwé, “boka” ni ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì á fi “the” síwájú, àwọn á fi tiwọn sẹ́yìn bíi tiwa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé “náà” tiwa ṣì dá dúró, tiwọn sì ti lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ọ̀rọ̀ tó dá dúró ni tiwọn náà nígbà kan, ìyẹn “hinn,” tó máa ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀-orúkọ. Bó ṣe ń tẹ̀lé e tó ń tẹ̀lé e, ó di ara rẹ̀: “bók” di “bókin,” “bókin” di “boka.” Ẹ fi “a” tó gbẹ̀yìn “boka” yẹn sọ́kàn, torí ó máa tó dá ìjà sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ipò kejì. Nínú olórí gbólóhùn, ohun tó bá wù yín lè ṣíwájú: ọjọ́, ibi, olùwà, àbọ̀. Àmọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, kí olùwà wá bọ́ sẹ́yìn rẹ̀ bí kì í bá ṣe òun ló ṣíwájú. “I dag leser jeg boka.” “Boka leser jeg i dag.” Kì í ṣe ọ̀rọ̀ kejì là ń sọ o, ipò kejì ni. “Den gamle boka leser jeg i dag,” ìyẹn “Ìwé àtijọ́ yẹn ni mò ń kà lónìí”: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló wà níwájú, àmọ́ nǹkan kan ṣoṣo ni wọ́n jọ jẹ́. Ẹ wá wo bí àwa náà ṣe sọ ọ́. Nígbà tí a bá fẹ́ tẹnu mọ́ ìwé, a máa ń fà á síwájú, a sì máa ń fi “ni” tì í: “Ìwé ni mò ń kà.” Ibi tí “ni” wa dúró sí yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀-ìṣe wọn máa ń wá dúró sí. Ẹni tó bá ti mọ ibi tí “ni” ń gbé, ó ti mọ ibi tí “leser” ń gbé.

Ẹ̀kẹrin ni “ikke,” tí wọ́n fi ń sọ pé nǹkan ò rí bẹ́ẹ̀. “Jeg leser ikke boka”: mi ò ka ìwé náà. Gẹ̀ẹ́sì gbọ́dọ̀ wá “do” kún un kó tó lè sọ èyí, ó sì gbọ́dọ̀ wá a kún un kó tó lè bèèrè ọ̀rọ̀. Àwọn ò nílò rẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ bèèrè, ọ̀rọ̀-ìṣe á kàn lọ síwájú pátápátá: “Leser du boka?” Ṣé ò ń ka ìwé náà? Ibì kan ṣoṣo ló yẹ ká ṣọ́ra sí. Nínú awẹ́ gbólóhùn tó fẹ̀yìn ti òmíràn, “ikke” máa ń fo ọ̀rọ̀-ìṣe kọjá sí iwájú: “Jeg vet at hun ikke leser boka,” mo mọ̀ pé kò ka ìwé náà.

Ohun tó wà lára òkúta

Báwo ló ti pẹ́ tó tí ọ̀rọ̀-ìṣe wọn ti ń jókòó sí ipò kejì? Ní erékùṣù Kuløya, ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Nọ́wè, wọ́n rí òkúta kan tí wọ́n fín lẹ́tà rúùnù sí lára ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yunifásítì Trondheim báyìí. Èèyàn méjì, Tore àti Hallvard, ló gbé e dúró ní ìrántí ẹnìkan tó ń jẹ́ Ulvljot. Òkúta náà fi kún un pé ẹ̀sìn Kristi ti lo ọdún 12 ní Nọ́wè. Ó wà lára àwọn ohun tó lókìkí jù ní ilẹ̀ náà, torí pé orúkọ orílẹ̀-èdè náà àti ẹ̀sìn tuntun náà jọ wà lára rẹ̀.

Àwa ń wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ náà. “Tolf vetr hafði kristindómr” ni ó bẹ̀rẹ̀. “Tolf vetr” ni ìgbà òtútù 12, ìyẹn ọdún 12. “Hafði” ni ọ̀rọ̀-ìṣe. “Kristindómr,” ẹ̀sìn Kristi, ni olùwà. Ọdún ló ṣíwájú, ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀lé e, olùwà ṣìkẹta. Ọmọ ilé-ìwé tó bá ń kọ̀wé ní Oslo lónìí á kọ ọ́ báyìí: “Tolv vintre hadde kristendommen.” Lẹ́tà ti yí, ìrù ọ̀rọ̀ ti yí, àmọ́ ìtò rẹ̀ ò yí.

Gẹ̀ẹ́sì náà ní ìwà yìí tẹ́lẹ̀. Ìbátan ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ máa ń fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ipò kejì níbi púpọ̀, kó tó wá jù ú sílẹ̀ nígbà tó yá. Àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé “Here comes the bus,” tàbí “Never have I seen,” gírámà àtijọ́ ló ń sọ láìmọ̀. Kódà àwọn ará àríwá Yúróòpù yìí fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nílé Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 866 ni ọmọ ogun wọn gba ìlú York. Àwọn ará Dẹ́nmáàkì àti Nọ́wè tẹ̀dó sí apá kan ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n fẹ́ aya níbẹ̀, wọ́n bímọ. Láti ẹnu wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ti gba “egg,” “knife,” “window,” “sky,” “husband,” àti “they” pàápàá. Ìyẹn ló fi dà bíi pé èdè Nọ́wè rọrùn fún ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdílé kan náà ni, ẹnìkan ló kàn kúrò nídìí àṣà.

Bí ìwé ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn

Ní ọdún 1349, àjàkálẹ̀-àrùn ńlá tó ń jà ká Yúróòpù wọ Bergen. Àwọn òpìtàn gbà pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àwọn ará ìlú tó bá a lọ, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Àlùfáà àti akọ̀wé tó mọ bí wọ́n ṣe ń kọ èdè náà wà lára wọn. Ní ọdún 1380, Nọ́wè àti Dẹ́nmáàkì bọ́ sábẹ́ ọba kan ṣoṣo, ó sì tó ọdún 1814 kí wọ́n tó pínyà. Ní Bergen, àwọn oníṣòwò láti Jámánì fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ wọn sì wọ ẹnu ará ìlú: “betale,” sanwó, àti “snakke,” sọ̀rọ̀, wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọba yí ẹ̀sìn ìlú padà sí ti Luther ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Bíbélì tí wọ́n tẹ̀ ní Copenhagen lọ́dún 1550, lédè Dẹ́nmáàkì, ni wọ́n gbé wọ ṣọ́ọ̀ṣì Nọ́wè. Ẹni tó bá fẹ́ di àlùfáà tàbí adájọ́, Copenhagen ló ń lọ kàwé. Nọ́wè ò ní yunifásítì tirẹ̀ títí di ọdún 1811.

Àwọn èèyàn ò dákẹ́ o. Nílé, lóko, nínú ọkọ̀ ojú omi, oníkálukú ń sọ ẹ̀ka-èdè àdúgbò rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó bá kan ìwé, èdè ẹlòmíì ni. Ọmọ á lọ sílé-ìwé, á bá “Bogen” nínú ìwé, nígbà tó jẹ́ pé “boka” tàbí “boki” ni ìyá rẹ̀ ń pè é nílé.

Lọ́dún 1814, ìdè Dẹ́nmáàkì já. Wọ́n kọ òfin orílẹ̀-èdè wọn ní Eidsvoll, wọ́n bọ́ sínú àjọṣe mìíràn pẹ̀lú Swídìn, òfin tí wọ́n tún ṣe ní oṣù kọkànlá ọdún náà sì sọ pé èdè Nọ́wè ni iṣẹ́ ìjọba á máa lò. Èdè Nọ́wè wo? Èyí tó wà nínú ìwé nígbà yẹn, ti Dẹ́nmáàkì ni. Orílẹ̀-èdè ti gba orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò tíì wọnú ìwé.

Ọ̀nà méjì

Ọkùnrin méjì, tí ọdún kan ṣoṣo wà láàárín ọjọ́ orí wọn, ló mú ọ̀nà wá. Knud Knudsen, olùkọ́ tí wọ́n bí lọ́dún 1812, sọ pé ká mú ìwé Dẹ́nmáàkì tó wà nílẹ̀, ká máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa jọ bí àwọn ọ̀mọ̀wé ìlú Nọ́wè ṣe ń sọ̀rọ̀. Ivar Aasen ní tirẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni, wọ́n bí i lọ́dún 1813 ní Ørsta. Kò tíì pé ọmọ ọdún 14 tí bàbá àti ìyá rẹ̀ fi kú. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ká má tún èdè àlejò ṣe. Ká lọ bá àwọn tó ń sọ èdè náà.

Ó sì lọ bá wọn lóòótọ́. Láàárín ọdún 1842 sí 1846, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Trondheim gbé owó sílẹ̀ fún un, ó ń ti abúlé bọ́ sí abúlé, ó ń kọ ọ̀rọ̀ tí àgbẹ̀ àti apẹja ń sọ sílẹ̀. Lọ́dún 1848 ó tẹ gírámà jáde, lọ́dún 1850 ó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè. Nínú ohun tó kó jọ, ó yan èyí tó sún mọ́ èdè àtijọ́ jù, ó sì fi ṣe èdè ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní “Landsmaal.” Ohun tó fẹ́ fi hàn ni pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ ní gírámà. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ló ń rò pé Dẹ́nmáàkì tí wọ́n sọ bà jẹ́ lásán ni.

Ẹ wo gbólóhùn kan náà lọ́nà mẹ́ta. Bí ìwé Dẹ́nmáàkì ṣe máa kọ ọ́ lọ́dún 1850: “I Dag læser jeg ikke Bogen.” Bí ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ Knudsen wá ṣe ń kọ ọ́ lónìí: “I dag leser jeg ikke boka.” Bí ọ̀nà tó ti ọ̀dọ̀ Aasen wá ṣe ń kọ ọ́ lónìí: “I dag les eg ikkje boka.” Lónìí, mi ò ka ìwé náà. Ẹ ka ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó rí ohun tí wọ́n ń jà sí: “jeg” tàbí “eg,” “ikke” tàbí “ikkje,” “Bogen” tàbí “boka.” Ẹ wá wo ìtò rẹ̀. Ọjọ́, ọ̀rọ̀-ìṣe, olùwà, ìyísódì, àbọ̀: ọ̀kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdí tí wọn ò fi jà lórí ipò ọ̀rọ̀-ìṣe nìyẹn. Ọ̀gá àná náà ní in, àwọn náà ní in, ó wà lára òkúta kí ẹnikẹ́ni tó jọba lé ẹnikẹ́ni lórí.

Ìjà “a”

Lọ́dún 1878, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn pinnu pé, níbi tó bá ti ṣeé ṣe, èdè tí àwọn ọmọdé ń sọ lẹ́nu ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1885, wọ́n dìbò pé èdè Aasen àti èdè ìwé tó wà nílẹ̀ dọ́gba lábẹ́ òfin. Lọ́dún 1907, ọ̀nà Knudsen náà ta gbòǹgbò: “b, d, g” Dẹ́nmáàkì di “p, t, k” bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Nọ́wè. “Bog” di “bok,” “Gade,” tó jẹ́ òpópónà, di “gate.” Lọ́dún 1929, wọ́n fún àwọn méjèèjì lórúkọ tí wọ́n ń jẹ́ títí di òní: Bokmål fún ọ̀nà Knudsen, Nynorsk fún ọ̀nà Aasen.

Ìjọba wá rò ó pé, ṣé kò ní dáa kí méjèèjì di ọ̀kan? Àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1917 bẹ̀rẹ̀ sí í fà wọ́n sún mọ́ra, ti ọdún 1938 wá le jù. Wọ́n sọ ọ́ di dandan nínú Bokmål pé kí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ parí sí “a” dípò “en”: “sola,” oòrùn náà, dípò “solen.” Ẹni tó bá ń wò ó láti òkèèrè á ní, kí ni lẹ́tà kan fẹ́ ṣe? Ní Oslo, “a” ni ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ apá ìlà-oòrùn ìlú, “en” ni ẹnu àwọn olówó apá ìwọ̀-oòrùn. Lẹ́tà yẹn ń sọ ilé tí èèyàn ti wá. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn òbí kan dìde, wọ́n mú bírò, wọ́n ń fa “a” rẹ́ nínú ìwé tí ọmọ wọn ń gbé lọ sílé-ìwé, wọ́n sì ń kọ “en” sí i. Wọ́n kó nǹkan bí 400,000 ìfọwọ́sí jọ. Ìjọba padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú àkọtọ́ àtijọ́ padà lọ́dún 1981, lọ́dún 2002 ni wọ́n wá jáwọ́ pátápátá nínú èrò àtisọ èdè ìkọ̀wé méjèèjì di ọ̀kan. Lónìí, “boka” àti “boken” jọ tọ̀nà nínú Bokmål. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí méjèèjì nínú ìwé kan má ṣe rò pé òǹkọ̀wé ṣàṣìṣe.

Iye owó àti òǹkà pàápàá ò bọ́ nínú rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, “en og tyve,” ọ̀kan àti ogún, ni wọ́n ń pe 21. Ọmọ Yorùbá á rẹ́rìn-ín, torí “mọ́kànlélógún” náà ló ń fi ọ̀kan ṣíwájú. Nígbà tí nọ́ńbà tẹlifóònù bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, àṣà náà ń mú kí àwọn èèyàn pe nọ́ńbà òdì, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n yí i. Láti ọdún 1951 ni ilé-ìwé ti ń kọ́ ọmọ ní “tjueen,” ogún-ọ̀kan. Títí di òní, ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ṣì ń pe tàtijọ́.

Ta ló ni ipò kejì?

Nynorsk ò borí, kò sì kú. Nǹkan bí èèyàn 10 sí 15 nínú 100 ló ń kọ ọ́, pàápàá ní ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè náà. Jon Fosse, tó gba ẹ̀bùn Nobel fún lítíréṣọ̀ lọ́dún 2023, Nynorsk ló fi ń kọ̀wé. Ẹni méjì lè jọ sọ̀rọ̀ ní ẹ̀ka-èdè méjì lórí tẹlifíṣàn, kò sí ẹni tó máa ní kí ìkankan “sọ ọ́ dáadáa.” Ohun tí ọmọ àgbẹ̀ láti Ørsta ń wá nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ohun tí ẹnikẹ́ni ò jà lé lórí ti wá di ohun tí wọ́n fi ń mọ àlejò báyìí. Ẹni tó bá sọ “eg,” tó bá sọ “jeg,” tó bá sọ “æ” bíi tàwọn ará àríwá, ọmọ ilé ni. Ẹni tó bá sọ “I dag jeg leser,” wọ́n á bi í pé níbo ló ti wá. Àwọn onímọ̀ èdè sì ti ṣàkíyèsí pé, ní àwọn àdúgbò Oslo tí ọmọ onírúurú ilẹ̀ jọ ń gbé, àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń to gbólóhùn bẹ́ẹ̀ láàárín ara wọn, títí kan àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. Àwọn kan ní èdè ń bà jẹ́. Ohun tí wọ́n sọ nípa ẹnu àwọn àgbẹ̀ Aasen lọ́jọ́sí náà nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọ, ẹ fi ọ̀rọ̀-ìṣe sí ipò kejì, torí ibẹ̀ ni gbogbo Nọ́wè ti fẹnu kò, láti ara òkúta Kuløya dé orí fóònù yín. Ìrù ọ̀rọ̀ ò gbọdọ̀ dẹ́rù bà yín. Àwọn onílé gan-an ò tíì bá a parí. Bí ẹ bá sì ṣi ipò náà pè, tí ẹnìkan wo yín bí ẹni tí ò mọ̀wé, ẹ rántí pé kò tíì tó 200 ọdún tí wọ́n fi irú ojú yẹn wo baba ńlá tirẹ̀.